"Rárá" Tí Tíṣà Ọlápàdé Ń Wá Kiri

Ọdún méjìdínlógún ni Tíṣà Ọlápàdé fi kọ́ àwọn ọmọ Mushin ní ìṣirò, kò sì sí ẹyọ ọmọ kan láàrin wọn tó sọ fún un rí pé ó ṣì í. Kì í ṣe pé kò ṣì í rí o. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán lójoojúmọ́ á ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n pàṣán máa ń wà lórí tábìlì rẹ̀, ọmọ tó bá lójú á sì ti rí pàṣán kó tó rí àṣìṣe. Bí iṣẹ́ tíṣà ṣe rí láyé ọjọ́un nìyẹn. Ẹni tó mú pàṣán lọ́wọ́ kì í ṣì í.

Ọmọ Iléṣà ni. Gbádé ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀ àti ìwé ìrìbọmi, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ yẹn mọ́. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan Àrìnpé, ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé lẹ́yìn ọjà Ojúwòyè, àwọn àti àwọn ọmọ tí Ọlọ́run fún wọn. A ò ní sọ iye àwọn ọmọ náà níbí, nítorí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bí ìtàn náà tilẹ̀ jẹ́ ìtàn ìṣirò.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Tíṣà lọ́kàn. Ó mọ bí a ti ń ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Tó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń fi ìdá kan pín ìdá mìíràn, á ní kí wọ́n yí èkejì padà, kí orí rẹ̀ di ìdí, kí wọ́n wá sọ méjèèjì di púpọ̀. Wọ́n á yí i padà, ìdáhùn á sì jáde gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lẹ́yìn ìwé. Kí ló dé tí a fi ń yí i padà? Ọlọ́run nìkan ló mọ̀, àti bóyá àwọn òyìnbó tó kọ ìwé náà. Kò sí ọmọ tó bi í, pàṣán ò gbà fún wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bi ara rẹ̀, pàápàá ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ìwàásù bá gùn. Ẹnu rẹ̀ á máa mì, ọwọ́ rẹ̀ á máa yí nǹkan padà nínú afẹ́fẹ́, àwọn tó jókòó nítòsí á sì rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e.

Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ìlú ọba ló fi kọ́ ara rẹ̀ títí ó fi ṣe ìdánwò GCE. Ó fìdí rẹmi. Ó tún un ṣe, ó tún fìdí rẹmi, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò burú tó ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá ó yege. Lọ́dún 1973, ọdún kejì tí gbogbo mọ́tò Nàìjíríà ti yí sí ọwọ́ ọ̀tún, tí àwọn àgbàlagbà Mushin ṣì ń wo apá òdì kí wọ́n tó sọdá títì, yunifásítì tó wà ní Akọka gbà á wọlé láti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni nígbà náà.

Àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní kó máa lọ, àyè rẹ̀ ń bẹ, owó oṣù ni kò ní sí. Wọ́n wá fi kún un pé ọdún tó bá fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ kan péré, kó padà wá sí kíláàsì rẹ̀, kó má sì tún dárúkọ yunifásítì létí àwọn mọ́. Àrìnpé ní kò burú, òun á máa ránṣọ. Ó ní kó lọ wá ohun tó ń wá rí, torí pé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń béèrè irú ìran tí ọkọ òun ń rí.

Báyìí ni Tíṣà ṣe di ọmọ ilé ìwé. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọdún kìíní, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Ánálísíìsì. Òun ni ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò tí a ti ń béèrè ìdí ohun gbogbo, tí a kì í gba ohunkóhun gbọ́ láìsí ẹ̀rí, ì báà jẹ́ ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀ pé òótọ́ ni. Ohun tí Tíṣà tìtorí rẹ̀ kúrò nílé gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ti jókòó síwájú pátápátá kí àwọn ọmọ tó ku tó dé. Gbogbo wọn, kò sí ẹni tó pé ọmọ ogún ọdún tán nínú wọn. Wọ́n kí i pé ẹ káàárọ̀ sà, wọ́n rò pé òun ni olùkọ́.

Olùkọ́ náà wá wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó wọ kóòtù, ó de táì, ó fi gíláàsì sójú. Ó kọjú sí bọ́ọ̀dù, ó kọ orúkọ rẹ̀: Dókítà T. Abọ́dúndé. Ó yíjú padà láti kí kíláàsì, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí àga iwájú. Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rìn yí tábìlì ká, ó sì na gbọọrọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, tòun ti kóòtù, tòun ti táì. Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé ṣọ́ọ̀kì ló ń wá.

"Túbọ̀sún?" Tíṣà bi í.

"Èmi ni, sà."

Ọmọ kíláàsì Tíṣà ni, ní Mushin, ní ọdún bíi mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Orí rẹ̀ tóbi nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tín-ín-rín, ó sì máa ń parí iṣẹ́ kí ẹni tó fún un níṣẹ́ tó jókòó. Tíṣà gbọ́ pé ó ti lọ sí ìlú ọba. Kò gbọ́ pé ó ti dé.

"Dìde, jàre," ni Tíṣà wí. "Ó tó. Máa kọ́ wa."

"Ẹ ṣé, sà." Dókítà dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo kíláàsì ti ń pe Tíṣà ní Bàbá, kò sì sí ẹni tó dábàá orúkọ náà, ó kàn jáde ni.

Orí Tíṣà wú fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èèyàn ò sì lè bá a wí. Ta ni orí rẹ̀ ò ní wú? Nígbà tó yá ni ọ̀rọ̀ wá yí. Túbọ̀sún jẹ́ olùkọ́ tó le. Ó máa ń bi ọmọ ní ìbéèrè, tí ọmọ bá dáhùn, á ní, "Rárá. Kí ni ẹ̀rí rẹ? Jókòó." Ó ń sọ ọ́ fún gbogbo wọn, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ adájọ́, ọmọ alákàrà. Ṣùgbọ́n tí Tíṣà bá nawọ́, tó dáhùn, ohun tí Túbọ̀sún máa ń wí ni, "Ó dára, sà." Lẹ́yìn náà á yíjú sí bọ́ọ̀dù, á sì kọ nǹkan mìíràn tí kò jọ ohun tí Tíṣà sọ rárá. Tíṣà rò pé ohun kan náà ni, pé èdè òyìnbó ló yàtọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Túbọ̀sún gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀. Ó ní kí a mú ọ̀kan, kí a fi ìlàjì kún un, kí a fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un, kí a fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún un, ìdá kan nínú márùn-ún, ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró. Ǹjẹ́ àròpọ̀ náà á dé ibì kan tí kò ní lè kọjá, àbí á máa ga sí i títí láé?

Tíṣà nawọ́. "Á dúró," ó ní. "Ohun tí à ń fi kún un ń kéré sí i. Tó bá yá, kò ní ju eruku lọ. Ta ló ti rí i kí eruku kún ilé títí dé àjà?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Túbọ̀sún náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn. Ó dára, sà." Agogo dún, ó nu bọ́ọ̀dù, ó ní àwọn á tún padà sí i.

Ìdánwò kékeré ni wọ́n fi padà sí i. Ìbéèrè náà gẹ́lẹ́ ni Túbọ̀sún gbé fún wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹni tó jókòó ti Tíṣà ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Shakirat, tí bàbá rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì láti Jíbówú lọ sí Ìbàdàn. Ọmọ náà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ti gbọ́ tí Dókítà ní ọ̀rọ̀ eruku dára, nítorí náà eruku lòun náà kọ. Nígbà tí wọ́n dá ìwé padà, ó gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Tíṣà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ohun kan náà la kọ. Wọ́n fún mi ní méjì nínú mẹ́wàá, wọ́n fún ẹ̀yin ní mẹ́jọ."

Tíṣà wò ó. "Bóyá ọwọ́ ìkọ̀wé ni."

"Ọwọ́ ìkọ̀wé máàkì mẹ́fà, Bàbá? Àbí ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Tíṣà mú ìwé méjèèjì, ó tún wọn kà. Pẹ́ńì pupa ti dá egbò sí ti Shakirat lára, kò sí ibi tí kò fàlà sí. Lórí tirẹ̀, ohun tí pẹ́ńì pupa náà kọ kò ju "Ó dára púpọ̀, sà" lọ. Ọdún méjìdínlógún ni Tíṣà fi máàkì ìwé. Ó mọ máàkì tí a fún ìwé, ó sì mọ máàkì tí a fún èèyàn.

Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà sì nídìí. Gbogbo ohun tó ti kọ́ láti oṣù kẹwàá, òótọ́ àti irọ́ ti dàpọ̀ mọ́ra wọn bí ìrẹsì àti òkúta, kò sì mọ èwo ni èwo. Bí Túbọ̀sún bá fi ojú àánú gbé e kọjá ní oṣù kẹfà, ọdún kejì ń bọ̀, àwọn òyìnbó àti àwọn ará Íńdíà tí kò jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ rí ló máa kọ́ ọ, wọ́n á sì dá a padà sí Mushin kí ọdún náà tó parí. Ká tiẹ̀ ní wọn ò dá a padà, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á gba ìwé ẹ̀rí, á padà sí kíláàsì, á sì máa yí ìdá padà títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì láìmọ ìdí.

Ó lọ bá Túbọ̀sún ní ọ́fíìsì rẹ̀. Túbọ̀sún dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó fi àga ara rẹ̀ fún un, òun dúró.

"Ìbéèrè eruku yẹn," Tíṣà bẹ̀rẹ̀, "ṣé mo gbà á, àbí mi ò gbà á?"

"Ẹ gbà á, sà."

"Shakirat ńkọ́?"

"Shakirat kò gbà á, sà. Kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn."

"Ohun kan náà la kọ, Túbọ̀sún."

Túbọ̀sún wo ojú fèrèsé. "Tiyín ní ìrírí nínú, sà," ó ní.

"Sọ ibi tí mo ti ṣì í fún mi."

"Ha, sà! Ta ni èmi?" Ó ránṣẹ́ ra Fáńtà tútù, ó ṣí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Tíṣà. Tíṣà mu ún tán, ó sì lọ sílé.

Nígbà tó di Sátidé, ó gbéra lọ sí Súrùlérè, níbi tí Túbọ̀sún ń gbé. Inú ń bí i láti Mushin, nígbà tó sì fi dé ẹnu ọ̀nà, ìbínú náà ti hó. Túbọ̀sún ṣílẹ̀kùn, ó rí i, ó sì dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, àgbà ló ń ní kó dìde. Tíṣà gbàgbé. Ó wọlé, ó ń lọ sókè sódò nínú pálọ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé kí òun fi iṣẹ́ òun sílẹ̀, kí ìyàwó òun máa fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́, kí òun wá gba "ó dára, sà"? Ó ní bí òun bá fẹ́ gbọ́ "ó dára, sà", Mushin kún fún un. Ó ní kí Túbọ̀sún ṣáà sọ ibi tí òun ti ṣì í fún òun!

Ohùn kan dáhùn láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìlà kejì, sà."

Tíṣà dúró. "Kí lo wí?"

Túbọ̀sún gbé orí sókè, ojú òun àti ti Tíṣà ṣe mẹ́rin. "Kò sí nǹkan kan, sà."

Tíṣà wò ó dáadáa. "Dojú bolẹ̀," ó ní.

Túbọ̀sún dojú bolẹ̀.

"Kí lo wí?"

"Ìlà kejì, sà. Irọ́ ni. Àwọn tó tẹ̀lé e náà, irọ́ ni wọ́n."

Tíṣà fa àga, ó rọra jókòó bí ẹni tí ẹyẹ bà sí nítòsí. "Máa bá a lọ."

"Ẹ mú ìdá kan nínú mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin, sà. Ẹ so wọ́n pọ̀. Ṣé kò ju ìlàjì lọ?"

Tíṣà rò ó lórí. "Ó jù ú lọ."

"Mẹ́rin tó tẹ̀lé wọn, èyí tó kéré jù nínú wọn ni ìdá kan nínú mẹ́jọ. Mẹ́rin irú ẹ̀ sì jẹ́ ìlàjì. Torí náà àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ju ìlàjì lọ. Ẹ tún mú mẹ́jọ tó kàn, ìlàjì mìíràn, ó tún lé. Mẹ́rìndínlógún tó kàn, ìlàjì mìíràn. Kò níbi tó ti máa tán, sà. Ìlàjì lórí ìlàjì lórí ìlàjì." Ẹnu rẹ̀ wà lára kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ náà ń jáde bí ẹni tó ń jẹun. "Eruku ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n eruku tí kò tán á kún ilé, á sì ṣí òrùlé lọ."

Tíṣà fi ìka rẹ̀ kà wọ́n. Ó rí i. Ó rí àwọn ìlàjì náà bí wọ́n ṣe ń to ara wọn léra, kò sì sẹ́ni tó lè ní wọn ò sí níbẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlógójì, olórí kíláàsì, tíṣà láàrin tíṣà, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó mọ ìdí ohun kan nínú ìṣirò títí dé gbòǹgbò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ojú tì í. Ìgbà yẹn ló wá rántí.

"Túbọ̀sún, dìde o. Má bínú."

"Ẹ jẹ́ kí n wà níbí, sà," ni Túbọ̀sún wí. "Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ ọ́ níbí. Èyí tí ẹ sọ lóṣù tó kọjá, irọ́ ni. Èyí tí ẹ sọ kí a tó lọ ìsinmi Kérésìmesì, irọ́ ni. Èyí tí ẹ sọ lọ́jọ́ kejì tí a wọlé, mi ò tilẹ̀ mọ ohun tó jẹ́." Ó ti ń kó wọn pamọ́ láti oṣù kẹwàá, ọmọ náà. Ara tù ú bí ẹni tó bọ́ bàtà tó fún un. Tíṣà tọrọ ìwé àti bírò.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni Tíṣà ń lọ sí Súrùlérè. Túbọ̀sún á dọ̀bálẹ̀, kò sì ní dìde títí ẹ̀kọ́ á fi parí. Àrìnpé fi ẹní kan ránṣẹ́ nígbà tó gbọ́ pé kápẹ́ẹ̀tì ń yún Dókítà nímú. Láìpẹ́, Tíṣà rí i pé òun ò lè rí ohun tí Túbọ̀sún ń kọ láti orí àga, lòun náà bá sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá wọlé á bá ọkùnrin méjì ní ìdojúbolẹ̀ lórí ẹní, tí wọ́n ń kọ nǹkan, tí ọ̀kan ń sọ fún ìkejì pé, "Irọ́ ni, sà," tí ìkejì ń dáhùn pé, "Ibo?"

Ẹni tó wọlé lọ́jọ́ kan ni ìyá Túbọ̀sún, tó ń ta aṣọ ní ọjà Tẹ́júoṣó. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ wá fún ọmọ rẹ̀. Ó rí dókítà tó bí nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rí tíṣà rẹ̀ àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ tìkòkò-tìkòkò.

"Tíṣà, ẹ dákun, ẹ foríjì í. Ohunkóhun yòówù kó ṣe."

"Kò ṣe nǹkan kan, Màmá. Ẹ̀kọ́ là ń kọ́."

"Ẹ̀kọ́ kẹ̀? Àgbà ọmọ báyìí? Láti ìgbà wo ló ti wà nílẹ̀?"

"Láti aago mẹ́sàn-án, Màmá," ni Túbọ̀sún dáhùn láìgbórí sókè.

Kò sí àlàyé tó wọ̀ ọ́ létí. Ó sọ ọ́ ní Tẹ́júoṣó pé tíṣà tó kọ́ ọmọ òun ní Mushin ṣì ń jẹ ẹ́ níyà dòní, pé ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi yanjú. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní Tẹ́júoṣó láàárọ̀, Mushin á fi jẹun ọ̀sán.

Nínú kíláàsì, nǹkan ò yí padà. Túbọ̀sún ṣì ń sọ pé "ó dára, sà" lójú gbogbo ayé, Tíṣà bá dẹ́kun àtinawọ́ kó má baà dá a lóró. Ó pe Shakirat sẹ́yìn, ó ní, "Méjì tí o gbà yẹn, tìrẹ ni. Mẹ́jọ tí mo gbà ni kì í ṣe tèmi." Ó sì ṣàlàyé àwọn ìlàjì náà fún un. Shakirat gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ ò bá ti sọ èyí tẹ́lẹ̀, Bàbá."

Oṣù kẹfà dé, wọ́n ṣe ìdánwò. Tíṣà kọ ọ́ títí ìka rẹ̀ fi wú. Nígbà tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri, orúkọ rẹ̀ wà láàrin àwọn tó yege, nínú Ánálísíìsì àti nínú gbogbo iṣẹ́ tó kù. Àrìnpé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, ó sì jó díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará ilé jáde wá kí wọn. Jẹ̀lílì onígbàjámọ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù lójúde wọn, ló ṣíwájú.

"Tíṣà, ẹ kú oríire! Ṣé kò ní rí bẹ́ẹ̀? Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún yín ló ń máàkì yín, kí ló tún kù?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òótọ́ ni. Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Lójú wọn, oyin ló bọ́ sí i lẹ́nu, ta ló ń béèrè oko tó ti wá? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún Tíṣà. Oúnjẹ oríire tí Àrìnpé sè, ó fọwọ́ kàn án ni, kò jẹ ẹ́. Òun pẹ̀lú kò mọ̀. Bóyá Sátidé wọ̀nyẹn wọ orí òun lóòótọ́, bóyá Túbọ̀sún kàn wo ojú òun ni. Bí kò bá mọ èyí, kò mọ nǹkan kan.

"Ẹ lọ bi í," ni Àrìnpé wí.

"Á ní tèmi ni. Ohun tó máa ń wí nìyẹn."

"Ẹ ṣáà lọ bi í."

Ó lọ sí Akọka lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó bá Túbọ̀sún nínú kọ́rídọ̀ níwájú ibi tí wọ́n lẹ èsì sí, àwọn ọmọ kíláàsì pọ̀ níbẹ̀, Shakirat wà láàrin wọn. Túbọ̀sún rí i, ó kó ìwé sí abíyá, orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀. Tíṣà sáré dì í mú ní apá méjèèjì.

"Má dọ̀bálẹ̀. Dúró. Wo ojú mi."

Túbọ̀sún dúró. Ó wo ojú rẹ̀. Kò rọrùn fún un.

"Máàkì tí o fún mi, ṣé tèmi ni?"

"Tiyín ni, sà."

"Bẹ́ẹ̀ náà lo ní mẹ́jọ ìjọ́sí jẹ́ tèmi."

Túbọ̀sún wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n ọwọ́ Tíṣà kò tú lápá rẹ̀. Òógùn bò ó lábẹ́ gíláàsì.

"Ìbéèrè kẹrin, sà," ó ní.

"Kí ló ṣe é?"

"Òdo ni mo fún yín."

"Òdo?" Ohùn Tíṣà lọ sókè. "Odindi ojú ìwé méjì ni mo kọ!"

"Méjèèjì ni mo kà, sà. Irọ́ ni, láti òkè délẹ̀. Ẹ fi nǹkan kan pín nǹkan mìíràn ní ìlà kẹta, ẹ ò sì béèrè bóyá òdo ni ohun tí ẹ fi ń pín. Òdo ni. Ẹ ò mọ̀ ọ́n rárá, sà." Kò gbé ojú kúrò lára Tíṣà. "Ṣé kí n fún yín ní nǹkan kan níbẹ̀? Rárá. Mi ò lè fún yín."

Ẹnì kan mí kanlẹ̀ láàrin àwọn ọmọ náà. Wọ́n ń retí kí Tíṣà gbá a létí. Tíṣà kò gbá a. Ó ń wo ìlà kẹta náà lọ́kàn rẹ̀, bó ṣe kọ ọ́ gan-an, ó sì rí òdo náà tó jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Lóòótọ́, irọ́ ni. Ẹni tó lè wo ojú òun kó fún òun ní òdo nínú ìkẹrin, ohun tó fún òun nínú ìkíní, ìkejì àti ìkẹta, òun ló ni ín. Kò sẹ́ni tó fi ta òun lọ́rẹ. Omi lé sí ojú Tíṣà, kò sì bìkítà ẹni tó rí i.

Ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lápá Túbọ̀sún. Ó ṣí fìlà.

"Ẹ ṣeun, Dókítà," ó ní.